Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò Mi Ni Mo Fi Tan Dókítà

Ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa bá kẹ́dùn nínú ìtàn yìí, kó má wulẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Àbúrò mi ni kó bá kẹ́dùn. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ, ojú mi sì là kedere nígbà tí mò ń ṣe é. Ẹ̀yin obìnrin tí nǹkan oṣù yín ti di ohun tí ẹ ń fi pamọ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mi ò ní bínú. Gbogbo ìbínú tí mo ní láyé, mo ti ná an tán.

Alápatà ni mí. Kì í ṣe alápatà tó ń jókòó ti tábìlì tó ń lé eṣinṣin o. Èmi ni mò ń dúńbú màlúù, èmi ni mò ń là á, èmi náà ni mò ń kun ún. Bàbá wa ló kọ́ mi níṣẹ́. Obìnrin méjì ló bí, èmi àti àbúrò mi, nígbà tó sì rí i pé ọkùnrin ò ní dé mọ́, ó fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n yé sunkún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn.

Nígbà tó kú, èmi ni mo di ọ̀gá ní ilé ìpẹran náà. Ọkùnrin mẹ́jọ ló wà lábẹ́ mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mi ò gbá létí rí. Ìyá Aláàáké ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ jẹ́lẹ́ńkẹ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ojú gọ́tà, ìkọ́ irin tó so rọ̀ láti òkè, ayùn iná tó ń ké láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Èmi ò sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ rí.

Ọdún tí mo pé mẹ́rìnlélógójì ni nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè. Ọjọ́ márùn-ún di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ogún, nígbà tó yá, mi ò mọ èyí tó ń parí yàtọ̀ sí èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi bí ẹ̀dọ̀ adìyẹ ń já bọ́ lára mi. Páàdì mẹ́ta ni mò ń tò lé ara wọn, màá tún wá fi tówẹ́ẹ̀lì lé e.

Ká ní tíṣà ni mí, tàbí akọ̀wé, ọjọ́ kan ṣoṣo ni àṣírí ìbá fi tú. Ṣùgbọ́n ta ló máa rí ẹ̀jẹ̀ lára alápatà tó máa béèrè ibi tó ti wá? Ó ń ṣàn wọ inú bàtà rọ́bà mi, èmi náà á gbé rọ́bà omi, màá fọ ilẹ̀, màá fọ ẹsẹ̀ mi, gbogbo rẹ̀ á sì jọ wọ gọ́tà lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fura. Òun ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé ẹran wa lọ fún àwọn oníbàárà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ìbínú, ó jọ pé oorun ló gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí òun gbé bẹ́ẹ̀dì wa síta kí òun sá a, ló bá rí ohun tí mo fi aṣọ mẹ́rin bò mọ́lẹ̀.

“Ìyá Ìbejì, kí lèyí?”

“Ẹ̀jẹ̀ màlúù ni.”

“Màlúù wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wa?”

Kò bá mi jà. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní kí n bọ́ síta. Mo bọ́ síta, nítorí pé òòyì ti ń kọ́ mi débi pé mi ò rí ẹnu bú u.

Dókítà tó tọ́jú mi nílé ìwòsàn jẹ́ obìnrin kékeré kan tó fi okùn so jígí ojú rẹ̀ kọ́rùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, ó pe èmi àti ọkọ mi jókòó.

“Màmá, kì í ṣe jẹjẹrẹ,” ó ní. “Ẹ dúpẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ara ilé ọmọ yín ti wú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ò fi dá. A lè lo oògùn. Bí oògùn ò bá ràn án, a lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ká yọ ilé ọmọ náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ á sì dá pátápátá. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu, kì í ṣe èmi.”

“Ẹ fẹ́ gé e jù nù?”

“Ẹ̀jẹ̀ ara yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Màmá. Ìdajì ohun tó yẹ kó wà lára èèyàn lẹ̀ ń gbé kiri.”

Ọkọ mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. “Jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́,” ó ní. “Àwọn Ìbejì ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Kí la tún fẹ́ fi ṣe? Ìwọ ni mo fẹ́.”

Ẹ wò ó, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi omijé wá ọkọ tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi rí i, àga tí mo jókòó lé ni mo fẹ́ gbé fọ́ mọ́ ọn lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Abo màlúù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe èyí tó ń bí. Èyí tó ń bí, ẹni tó ni ín ò ní tà á. Èyí tí kò lóyún mọ́, tí wàrà rẹ̀ ti gbẹ, òun ni wọ́n ń tì sókè ọkọ̀ wá bá wa. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń là wọ́n nínú. Mo mọ bí ilé ọmọ ṣe rí lọ́wọ́ ẹni. Mo mọ garawa tí mò ń jù ú sí, èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ ajá.

Lójú tèmi, obìnrin tí wọ́n bá ti yọ ilé ọmọ rẹ̀, ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìpẹran ló kù. Òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ ni, mo mọ̀ báyìí. Nígbà náà, ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ.

Mo sọ fún dókítà pé oògùn ni mo fẹ́.

“Kò burú,” ó ní. “Oògùn oṣù méjì nìyí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wá kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gòkè, a lè ní sùúrù. Bí kò bá gòkè, a máa jọ jókòó, a máa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa.”

Mo lo oògùn náà bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Kò dá ẹ̀jẹ̀ kankan dúró. Nígbà tó fi máa ku ọjọ́ kan kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wa ti di òkè fún mi. Mo mọ ohun tí wọ́n máa rí nínú ìgò tí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ mi sí.

Ibẹ̀ ni èṣù ti tọ́ka àbúrò mi sí mi.

Àbúrò mi ló ń wọn ẹran níbi iṣẹ́ wa, òun ló sì ń kọ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ọdún méjì péré ni mo fi jù ú lọ. A jọ bí ìmumu. Àwọn oníbàárà ti sanwó èmi fún un, wọ́n ti bú u nítorí tèmi. Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ kò ju pé òun kì í pariwo. Láti kékeré, bí mo bá ní kó jókòó, á jókòó. Bí mo bá ní kó dìde, á ti dìde kí n tó pa ẹnu dé.

Mo bá a nídìí òṣùwọ̀n. Mo ti ilẹ̀kùn.

“Ìwọ lo máa lọ lọ́la,” mo ní.

“Níbo, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Ilé ìwòsàn. Mú káàdì mi dání. Bí wọ́n bá pe orúkọ mi, jẹ́ ẹ. Na apá, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí o máa bọ̀.”

Ó wò mí títí. “Ẹ̀jẹ̀ tèmi, lórúkọ yín?”

“Ṣé kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ní ara yín ti yá nígbà tí kò yá ńkọ́? Ẹ máa kú sí wa lọ́wọ́ ni.”

Mo gbá a létí. Orí rẹ̀ lọ gbá irin òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà fò sókè, ó ń gbọ̀n. Mo di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, mo fà á dìde.

“Tún un sọ,” mo ní.

Ó nu imú rẹ̀, ó sì gba káàdì náà lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ pe orúkọ mi, ó jẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, èmi àti ọkọ mi tún jókòó síwájú dókítà.

Dókítà wo ìwé, ó wo èmi. Ó dìde, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀.

“Ìwé yìí ní ẹ̀jẹ̀ yín pé,” ó ní. “Ojú yín ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ohun tí mo máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà mí ni mo ṣe: mo fi ọwọ́ lu tábìlì rẹ̀, gbogbo bírò tó wà níbẹ̀ fò.

“Ṣé ìwé yín ló ń purọ́ ni àbí ojú mi? Ẹ ti múra láti gé mi, inú wá ń bí yín pé ara mi yá!”

“Kò sẹ́ni tó máa gé yín láìjẹ́ pé ẹ gbà,” ó ní, kò gbé ohùn sókè. “Ẹ padà wá lóṣù méjì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan.”

Ọkọ mi ń kọrin nínú ọkọ̀ títí a fi délé. Ọkùnrin náà ń kọrin, ó ń fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀, gbogbo ohun tí mo sán sí abẹ́ mi ti rin gbingbin. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Irọ́ ò kúkú lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí agbára mi sì ṣe ń dínkù ni mo ń le mọ́ àwọn èèyàn. Mo ju garawa lu ẹni tó pẹ́ dé. Mo fi ìrù màlúù na ẹnì kan láàárín ojú nítorí pé ó ń súfèé.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bó awọ, ọdún mẹ́tàlá ló ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó sún mọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́.

“Ọ̀gá, ètè yín ti funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó.”

Irin tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo fi gbá a lẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ méjì bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa eyín rẹ̀, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Kò padà wá mọ́ dòní.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi gbọ̀n nídìí ọrùn akọ màlúù kan. Ọ̀bẹ ò wọlé bó ṣe yẹ. Màlúù náà dìde pẹ̀lú ọrùn tó là dé ìdajì, ó já okùn, ó ń ta kiri, ó ń wọ́n ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ògiri. Ó fún ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi mọ́ ilẹ̀kùn yàrá yìnyín títí egungun ìhà rẹ̀ fi dún. Àáké ni mo fi parí màlúù náà. Ìgbà mẹ́rin ni mo gbé àáké sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń tó bàbá wa.

Nígbà tó dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà lórí mi, ó wà lójú mi, kò sì sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú rẹ̀, àfi ẹnì kan. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ló ń wò.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ló wá bá mi nídìí tábìlì tí a ti ń yọ egungun. Àwọn ọkùnrin wà níta, wọ́n ń já àwọn màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílẹ̀. Káàdì ilé ìwòsàn mi wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè sùn mọ́,” ó ní. “Màá sọ fún Bàbá Ìbejì.”

“Sọ kí ni?”

“Pé ẹ̀jẹ̀ mi ni. Pé ẹ ń kú lọ, èmi ni mo sì bá yín fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ nǹkan náà. Ilé ọmọ ni wọ́n ní kí wọ́n yọ, wọn ò ní kí wọ́n yọ orí yín.”

A gbọ́ ọkọ̀ ọkọ mi tó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá. Àbúrò mi yíjú síbẹ̀.

“Wọ́n ti dé,” ó ní. “Mò ń lọ sọ ọ́ báyìí.”

Mo fi èjìká tì í mọ́ ògiri, láàárín ìkọ́ méjì. Ọ̀bẹ tóóró tí mo fi ń yọ egungun wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo gbé ṣóńṣó rẹ̀ síwájú ẹnu rẹ̀.

“Ahọ́n yẹn, màá gé e, màá gbé e kọ́ sókè yẹn.”

Ṣé mo fẹ́ gé e lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Mi ò mọ̀. Ó burú láti sọ, àmọ́ òótọ́ nìyẹn, mi ò mọ̀.

Àbúrò mi ò pariwo. Gbogbo ayé rẹ̀, kò bá mi du nǹkan rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó sì gbá ojú ọ̀bẹ náà mú.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe alápatà, bí ọ̀bẹ bá há mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa tú ọwọ́. Wọ́n ti na ìyẹn kúrò lára mi láti kékeré. Bàbá wa ní ẹni tó bá tú ọwọ́ lára ọ̀bẹ tó há, ọ̀bẹ náà á gé e. Ó ní ká dì í mú, ká fà á sọ́dọ̀ ara wa lẹ́ẹ̀kan náà, ká má ronú. Ọ̀bẹ mi há sọ́wọ́ àbúrò mi. Mi ò ronú. Mo fà á.

Mo gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti ń gé iṣan láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ bó ṣe ń dún.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Kó tó sọ nǹkan kan, ohun kan já nínú ikùn mi, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sì dà láti itan mi wọ inú bàtà, ó kún bàtà, ó ń ṣàn jáde. Mo ṣubú lulẹ̀. Tèmi àti tirẹ̀ jọ ń lọ sí gọ́tà.

Ọkọ mi ló ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo èmi tí mo wà nílẹ̀, ó wo àbúrò mi tó fi épírọ́ọ̀nù di ọwọ́ rẹ̀.

“Ta ló gé ta?” ó béèrè.



Iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ló kó àwa méjèèjì sí. Orí mi wà lórí itan àbúrò mi, ọwọ́ rẹ̀ tó dáa ló fi ń nu òógùn ojú mi. “Ẹ má sùn, ẹ̀gbọ́n mi,” ló ń wí ṣáá. “Ẹ má sùn o.”

Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ìgò ẹ̀jẹ̀ kan lápá mi, wọ́n gba káàdì mi, wọ́n sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí mi lára. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò jáde wá. Ó ń làágùn.

“Ta ló ni káàdì yìí?”

“Ìyàwó mi ni,” ọkọ mi ní.

“Kò lè jẹ́ òun. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lórúkọ yìí lóṣù tó kọjá, kì í ṣe irú èyí tó wà lára rẹ̀. Bí mo bá gbé èyí tó wà nínú ìwé fún un, mo pa á nìyẹn. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta nìyí?”

Dókítà kékeré yẹn ti dé. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ létí mi.

“Màmá, ẹ̀jẹ̀ ta ni ẹ gbé fún wa?”

Mo di ojú. Mo ṣe bí ẹni tó ti dákú. Bẹ́ẹ̀ ni, níbi tí ikú ti fọwọ́ kan mi lẹ́sẹ̀, irọ́ náà ni mo ṣì ń pa.

“Tèmi ni,” àbúrò mi ní. “Èmi ni mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ, nítorí wọn ò fẹ́ kí ẹ yọ ilé ọmọ wọn.”

Mi ò rí ojú ọkọ mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì dà bí ohùn ẹlòmíì.

“Ọwọ́ rẹ ńkọ́?”

“Ọ̀bẹ ló fẹ́ já bọ́, mo gbá a mú.”

Ọkọ mi ti ń gbé láàárín alápatà fún ọdún méjìlélógún. Ó mọ bí ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ tó já bọ́ ṣe ń rí.

Yàrá iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ló ṣófo. Mo gbọ́ tí dókítà ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé iṣan ọwọ́ yẹn ti já, pé kò gbọdọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó so ó, pé àmọ́ obìnrin yìí náà ò ní wákàtí kan mọ́. Mo gbọ́ tí àbúrò mi dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

“Ẹ ṣe ẹ̀gbọ́n mi ná.”

Dókítà tún bẹ̀rẹ̀ létí mi. “Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́ mi,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ ṣì máa sọ ọ́. Ṣé kí n yọ ọ́?”

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń mú ọ̀bẹ, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo la ojú.

“Ẹ yọ ọ́,” mo ní.

Ẹ má pè é ní ìgboyà. Mi ò ríbi sá sí mọ́ ni.

Iṣẹ́ abẹ náà kò gbà ju wákàtí méjì lọ. Ohun tí mo fi bí oṣù mẹ́ta sá fún, tí mo na èèyàn nítorí rẹ̀, tí mo kán eyín èèyàn nítorí rẹ̀, wákàtí méjì péré. Ẹ̀jẹ̀ dá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ń gun àtẹ̀gùn. Obìnrin ṣì ni mí, ebi ń pa mí, ẹ̀rín ń pa mí, ilé ọmọ náà ò sì tíì wá sí mi lọ́kàn pé kí n ṣàárò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọwọ́ àbúrò mi ni wọn ò tètè kàn. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò nídìí tèmi, iṣan náà ti sún sẹ́yìn. Wọ́n so ó, wọ́n tún un so lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e ò ká mọ́. Wọ́n nà gbọnrangandan, kò sì mọ̀ bí iná bá ń jó wọn.

Ọkọ mi tọ́jú mi, ó wẹ̀ mí, ó fún mi lóúnjẹ, àmọ́ odindi ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, ó gbé omi wá fún mi, ó dúró.

“Mo rò pé àwọn màlúù nìkan lò ń wò bí ẹran,” ó ní. Ó gbé ife sílẹ̀, ó jáde.

Àbúrò mi ò fi mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ọ̀bẹ ló já bọ́. Ìwé yìí ni mo fi ń sọ fún aráyé pé ọ̀bẹ kankan ò já bọ́. Mo ti fi ilé ìpẹran sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ìwọ obìnrin tó ń kà á, bí dókítà bá ní kí o pinnu, pinnu. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, sọ bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí o sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ló wà nínú ìgò. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ká ní mo sọ ọ̀rọ̀ màlúù yẹn fún obìnrin kékeré onígíláàsì yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ẹ̀rín ni ìbá fi mí rín, bóyá a jọ máa rín in. Ìka àbúrò mi méjì ìbá má bá a lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àbúrò mi fẹ́ jọ jáde. Bùláòsì tó wọ̀ ní bọ́tìnnì kéékèèké láti àyà dé ọrùn, èyí tó wà lókè pátápátá sì kọ̀ fún un. Ó gbìyànjú, ó yọ́. Ó tún gbìyànjú, ó tún yọ́.

“Jẹ́ kí n bá ọ dè é,” mo ní.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó gbé àgbọ̀n sókè. Mo na ọwọ́ sí i lọ́rùn, kí ìka mi tó kan aṣọ náà, ó ti di ojú rẹ̀ méjèèjì pinpin, ó ń retí ìgbátí.